Òkúta Méjì ní Itẹ́ Òkú Hollywood

Ẹ fa ìjókòó yín súnmọ́ iná, ọyẹ́ yìí ń rinni dé eegun. Ẹni tó ń yí iṣu kó máa yí i lọ, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó jóná, torí ọ̀rọ̀ iná pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí. Kì í ṣe ààlọ́ o. Ẹ má múra àtigbe orin. Àwọn èèyàn tó wáyé rí ni, mo sì fi ojú ara mi rí orúkọ méjì nínú wọn lára òkúta.

Ẹ mọ̀ pé awakọ̀ ni mí kí eegun mi tó gbó. Bọ̀lẹ̀kájà tí mo fi kọ́ṣẹ́ kò ní tráfíkétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá mi bá fẹ́ yà, ọwọ́ ló máa nà jáde lójú fèrèsé, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì máa gbá pákó gbàgbàgbà kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbọ́. Nígbà tí mo wá ra ọkọ̀ tèmi, tí mo tẹ ọwọ́ kan báyìí tí iná pupa ń ṣẹ́jú lẹ́yìn, mo ní òyìnbó ọkùnrin kan tó ti jókòó ronú títí ló ṣe èyí. Ó di ìgbà tí àbúrò bàbá yín tó wà ní Los Angeles gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó gbọ́ pé obìnrin kan ti ṣe irú rẹ̀ sára ọkọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1914. Òṣèré sinimá ni obìnrin náà.

Florence Lawrence lorúkọ rẹ̀. Hamilton ní Kánádà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, Charlotte Bridgwood, ń ṣeré orí ìtàgé láti ìlú dé ìlú, ó sì ń gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Kékeré ni Florence ti ń súfèé lórí ìtàgé tí àwọn èrò ń sanwó láti gbọ́ ọ. Ní 1908 ó wọ ilé iṣẹ́ sinimá kan ní New York tí wọ́n ń pè ní Biograph, ó di ọmọ iṣẹ́ olùdarí sinimá, D. W. Griffith. Sinimá ayé ìgbà yẹn yadi. Ẹnu òṣèré á máa mì, etí rẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ló máa ń jókòó sídìí dùùrù nísàlẹ̀, tí á máa fi orin lé ohun tí ojú ń rí. Ojú òṣèré ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ojú Florence sì mọ̀ ọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n ta ni í? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ sinimá kì í kọ orúkọ òṣèré síbì kankan nígbà náà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ayé bá ti mọ orúkọ rẹ̀, owó rẹ̀ á fò sókè. Àwọn òǹwòran ń kọ lẹ́tà pé ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ obìnrin yìí? Ilé iṣẹ́ ò dá wọn lóhùn. Ni wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ fúnra wọn: Ọmọbìnrin Biograph. Bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ olówó pe ẹrú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Carl Laemmle, ọmọ Jámánì tó wá jẹun sí Amẹ́ríkà. Ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, IMP, ó sì fa Florence wọ ibẹ̀ ní 1909. Nígbà tí ọdún 1910 bẹ̀rẹ̀, ìròyìn gba ìgboro pé tírámù ti pa Ọmọbìnrin Biograph ní ìlú St. Louis. Àwọn èèyàn káwọ́ lérí. Kò pẹ́ sígbà náà ni Laemmle gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn pé irọ́ ni, pé àwọn ọ̀tá ilé iṣẹ́ òun ló pa á, pé obìnrin náà wà láàyè, Florence Lawrence lorúkọ rẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá sí St. Louis kí gbogbo ayé lè fojú rí i. Àwọn tó tú ìdí ìtàn náà wò ní ó jọ pé Laemmle fúnra rẹ̀ ló pa á, tó tún jí i dìde. Nígbà tó dé St. Louis ní oṣù Kẹta, èrò ya bo ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ní wọ́n ń já bọ́tìnnì ara aṣọ rẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan mú lọ sílé.

Kí lo wí? Pé ṣé òkú ló jí? Rárá, ọkọ mi. Ẹni tó kú kò lórúkọ, ẹni tó jí ló ní. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ sinimá ti rí i pé orúkọ òṣèré lè pa owó ju ìtàn tó ń ṣe lọ.

Florence rí owó, ó ra mọ́tò, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀ nígbà tí obìnrin awakọ̀ wọ́n bí ojú. Ó ṣe apá kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì, apá náà á gbéra láti fi ibi tó fẹ́ yà sí han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó tún ṣe òmíràn: bí ó bá ti tẹ bíréèkì, àmì á yọ lẹ́yìn pé òun fẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Èmi tí mo lo ìdajì ayé mi lójú ọ̀nà mọ iye ẹ̀mí tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ti gbà là. Obìnrin yìí kò sì lọ gbàwé lọ́wọ́ ìjọba pé òun lòun ṣe é. Àwọn ẹlòmíràn ṣe tiwọn, wọ́n gbàwé, wọ́n gbowó. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1917 ó gbàwé lórí wáípà tó ń fi iná mànàmáná nu gíláàsì ọkọ̀. Ìyẹn náà kò sọ ọ́ dolówó.

Lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń ya ìran iná fún sinimá, iná jó Florence, ó sì ṣe é léṣe lẹ́yìn. Kò bọ́ sípò mọ́. Nígbà tí ọdún 1936 máa fi dé, ẹni tí wọ́n ti ń já bọ́tìnnì ara aṣọ rẹ̀ nígbà kan rí ti di ẹni tí ilé iṣẹ́ sinimá ńlá kan ń fún ní dọ́là 75 lọ́sẹ̀, kó kàn máa gba ẹ̀yìn àwọn òṣèré kọjá. Ní oṣù Kejìlá 1938, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú kan ní Hollywood. Wọn ò gbé òkúta lé e.

Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ ná. A máa padà débẹ̀.

Ẹ wo iná yìí. Bí mo bá da omi lé e, á kú. Iná kan wà tí kì í kú bẹ́ẹ̀. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù ayé ìgbà náà, irú òwú tí ìyá mi ń ran lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, á di ohun tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sínú ìbọn. Wọ́n á fi fàdákà sí i lára, àwòrán á sì mọ́ kedere, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n bí iná bá ràn án, ó tán. Atẹ́gùn tí iná fi ń mí wà nínú ara rẹ̀. Bí o bá rì í sómi, á máa jó lábẹ́ omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó ojú àwọn òṣèré ìgbà náà pamọ́ sí.

Ẹ wo ti Theodosia Goodman. Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí i sí, aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ sinimá Fox wò ó, wọ́n ní Theodosia ò lè ba ọkùnrin kankan lẹ́rù, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Theda Bara. Wọ́n gbé ìtàn dání fún àwọn oníwèé ìròyìn pé aṣálẹ̀ ilẹ̀ Íjíbítì ló ti wá. Wọ́n ní bí o bá to lẹ́tà orúkọ rẹ̀ bí mìíràn, á di "ikú Árábù" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ aránṣọ Ohio! Wọ́n gbé e jókòó ti egungun òkú, wọ́n lé tìróò yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Nínú sinimá rẹ̀, ọkùnrin tó bá ti ṣíjú wò, ilé onítọ̀hún tú nìyẹn. *A Fool There Was* ti 1915 ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, ó sì ṣe *Cleopatra* ní 1917. Gbogbo sinimá tó ṣe lé ní 40.

Ní 9 oṣù Keje 1937, ooru mú gan-an ní Little Ferry, ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí Fox kó fíìmù àtijọ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Fíìmù náà ti ń jẹrà nínú agolo, ó ń tú gáàsì. Ó gbiná fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan mọ́, ó sì mú ẹ̀mí èèyàn lọ pẹ̀lú. Theda Bara ṣì wà láyé, 1955 ló tó kú. Bí ọdún 18 ló lò láyé lẹ́yìn tí ojú tó fi ṣe orúkọ ti jóná. *A Fool There Was* yè é, àti díẹ̀ mìíràn. *Cleopatra* tí owó ńlá wọlé sí, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá ló kù nínú rẹ̀.

Ẹ rí i? Florence ní ojú, wọn ò fún un lórúkọ. Theda gba orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú lọ.

Ilé ìkówèésí ńlá ti Amẹ́ríkà, Library of Congress, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 2013. Sinimá gígùn tí kò fọhùn tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún tó bí 11,000. Èyí tó ṣẹ́kù lódindi, bí wọ́n ṣe gbé e jáde níjọ́ kìíní gan-an, jẹ́ 14 nínú 100. Kì í ṣe iná nìkan ló kó wọn lọ. Nígbà tí sinimá afọhùn dé ní 1927, àwọn tó ni ti àtijọ́ rò pé kò wúlò mọ́. Àwọn kan sun ún kí wọ́n lè yọ fàdákà ara rẹ̀ tà. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ èyí. Ó jọ ọmọ tó wó ilé bàbá rẹ̀ nítorí páànù orí rẹ̀.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sun tirẹ̀. Mary Pickford ni, ọmọ Toronto, Gladys Smith gan-an lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní Biograph, kò lórúkọ lójú sinimá. Ṣùgbọ́n ní 1919 òun àti Charlie Chaplin, Douglas Fairbanks àti Griffith dá ilé iṣẹ́ sinimá United Artists sílẹ̀, ó di ẹni tó ń pín owó dípò ẹni tí wọ́n ń fún. Ó wá ra fíìmù rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n sun gbogbo rẹ̀ bí òun bá kú, kí ọmọ ìkẹyìn má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, òṣèré Lillian Gish sì wà lára wọn. Ti Lillian ní tirẹ̀, omi dídì ni. Nínú *Way Down East* ti 1920, wọ́n tẹ́ ẹ sórí yìnyín tó ń léfòó lọ lórí odò ní Vermont, ó sì ti ọwọ́ àti irun rẹ̀ bọ omi náà. Irun gan. Ọwọ́ náà kò sàn tán títí tó fi dàgbà. Ó dàgbà lóòótọ́: ó ń ṣe sinimá ní 1987, ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 1993.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ṣé kò sí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ni? Ó wà. Nina Mae McKinney, ọmọ South Carolina, kò tíì pé ọmọ ọdún 20 nígbà tó ṣe *Hallelujah* ní 1929. Ilé iṣẹ́ sinimá MGM bá a ṣe àdéhùn ọdún 5, wọn ò rí iṣẹ́ gidi fún un ṣe, ló bá gba Yúróòpù lọ. Ní 1935 ó ṣe ìyàwó òṣèré dúdú Paul Robeson nínú *Sanders of the River*, sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní Nàìjíríà ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Èkó kan wà nínú rẹ̀ o, Orlando Martins. Ohun tí sinimá yẹn sọ nípa wa kò dùn mọ́ mi, kò sì dùn mọ́ Robeson alára nígbà tó rí i tán. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni Hattie McDaniel. Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n bí i sí. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà èwe wọn, bàbá náà sì jà nínú ogun tó fòpin sí oko ẹrú. Ọmọ mẹ́tàlá ni wọ́n bí, Hattie ni àbígbẹ̀yìn. Ó ń kọrin, ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó ní 1929, iṣẹ́ tó rí ní ilé fàájì kan ní Milwaukee ni kó máa dúró nílé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin, kó máa na aṣọ ìnuwọ́ sí wọn. Ibẹ̀ náà ló ti rí àyè kọrin. Ó gba Hollywood lọ, àwọn yẹn náà tún gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́: ọmọ ọ̀dọ̀ lónìí, ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́la. Àwọn dúdú kan bínú sí i pé ó ń dójú tì wọ́n, ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú sì wà lára wọn. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Mi ò sì ní sọ pé àwọn tó ń bínú kò láre.

Ní 1939 ó ṣe ìránṣẹ́ ilé nínú *Gone with the Wind*. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà hàn ní Atlanta ní oṣù Kejìlá ọdún náà, òfin ìyàsọ́tọ̀ ibẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ. Sinimá tó wà nínú rẹ̀! Ní 29 oṣù Kejì 1940, wọ́n fẹ́ pín ẹ̀bùn Oscar ní hótẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles. Hótẹ́ẹ̀lì náà kì í gba dúdú. David Selznick tó ṣe sinimá náà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ó fi òdòdó funfun sírun, ó wọlé, wọ́n mú un lọ sídìí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri, ó jìnnà sí tábìlì àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde lẹ́bàá ògiri yẹn, ó rìn láàárín gbogbo wọn lọ sókè, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar láyé. Ó sọ̀rọ̀ ọpẹ́ tán, ó padà sẹ́bàá ògiri. Ọdún 51 ló tó kí obìnrin dúdú mìíràn tó gba òmíràn, Whoopi Goldberg ni, ní 1991.

Hattie ra ilé ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Àwọn funfun kan níbẹ̀ gbé òun àti àwọn dúdú yòókù lọ sí kóòtù pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ àdúgbò náà pé dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1945, adájọ́ dá Hattie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láre. Ilé alààyè nìyẹn o, ó jà fún un, ó rí i gbà.

Ó wá ku ilé òkú. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á ní oṣù Kẹwàá 1952. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n sin òun sí itẹ́ òkú Hollywood, láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Ẹni tó ni ibẹ̀ nígbà náà kọ̀. Ó ní àwọn kì í sin dúdú. Wọ́n gbé e lọ sí Rosedale. Ẹ̀bùn Oscar rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e fún Yunifásítì Howard. Ó débẹ̀, ó sì sọnù níbẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rí i. Ní 2023 ni àwọn tó ń fúnni ní Oscar ṣe òmíràn fún Howard.

Itẹ́ òkú wo ló kọ Hattie? Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n? Ibi tí Florence Lawrence sùn sí láìní òkúta ni.

Àbúrò bàbá yín fi ọkọ̀ gbé mi lọ síbẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ Paramount. Mo rò pé màá bá igbó àti ìdákẹ́rọ́rọ́, àfi bí mo ṣe rí ọ̀kín, ọba ẹyẹ, tó ń rìn láàárín ibojì, tó ń fa ìrù rẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. A wá Florence kiri títí a fi rí i. Ní 1991, lẹ́yìn bí ọdún 53, òṣèré kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, sanwó òkúta sórí rẹ̀. Àbúrò bàbá yín ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún mi: Ọmọbìnrin Biograph, ìràwọ̀ sinimá àkọ́kọ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an sì wà lókè. Mo ṣí fìlà mi fún un nítorí tráfíkétọ̀.

A rìn dé ẹ̀bá adágún omi. Òkúta Hattie wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti ra itẹ́ òkú náà, ó sì bẹ ẹbí Hattie pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá síbi tó fẹ́. Ẹbí ní rárá, ẹ má da òkú rú. Ní 1999 ni wọ́n gbé òkúta náà kalẹ̀ láti fi rántí rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi mú iṣu yẹn kúrò nínú iná. Ẹni tó bá dé Los Angeles nínú yín, kó gba Santa Monica Boulevard, kó wọ ẹnu ọ̀nà ńlá ibẹ̀. Kò ní kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó dé ìdí òkúta méjèèjì, kó sì ka orúkọ tó wà lára wọn sókè, kí etí gbọ́.